Wíwọn Ara Aláìsàn Láìfọwọ́kàn Án: Ìtọ́sọ́nà fún Nọ́ọ̀sì àti Òṣìṣẹ́ Ìlera

Láti oṣù Keje ọdún 2014 tí àrùn Ẹ̀bólà gba Làìbéríà wọ Èkó ni tẹ̀mómítà oníbọn ti di ohun tí tọmọdé tàgbà mọ̀. Ní pápákọ̀ òfurufú, ní géètì ilé ìwé, lẹ́nu ọ̀nà báńkì, wọ́n ń nà án sí wa níwájú orí nígbà náà. Kòrónà tún gbé e dé ní ọdún 2020. Láti ìgbà náà, kò kúrò nílé ìwòsàn mọ́. Ó wà lórí tábìlì níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì, ó wà nínú àpò àwọn CHEW (òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ) tó ń lọ sí abúlé, àwọn ilé ìwòsàn aládàáni kan tilẹ̀ wà tí kò ní èyí tí a ń fi sí abíyá mọ́ rárá.

Ìyẹn ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀rọ tí kì í fara kan aláìsàn wúlò púpọ̀, mo sì ń lò ó, ṣùgbọ́n iṣẹ́ asẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀: ó ń ya ẹni tó yẹ kí a tún yẹ̀ wò sọ́tọ̀. Kì í ṣe òun ló yẹ kó sọ pé ẹni yìí lára yá, kó máa lọ sílé. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Tẹ̀mómítà ni mo máa sọ̀rọ̀ lé lórí jù, nítorí òun ló wà lọ́wọ́ wa. Lẹ́yìn náà ni n óò kan àwọn tó ń wọn mímí àti lílù ọkàn láti ọ̀nà jíjìn.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe gan-an

Gbogbo ohun tó bá ní ooru lára ló ń tú u jáde ní ìtànṣán tí ojú kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní infrared. William Herschel ló kọ́kọ́ kíyè sí i ní ọdún 1800, nígbà tó gbé tẹ̀mómítà sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọ̀ pupa inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn parí sí, tó sì rí i pé ibi tí ojú kò ti rí ohunkóhun gan-an ló gbóná. Ara tiwa náà ń tú u jáde tọ̀sán-tòru. Ẹnu tẹ̀mómítà oníbọn ń gba ooru yìí, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀ ń sọ ọ́ di iná mànàmáná kékeré, ẹ̀rọ sì ń ka iná náà bíi nọ́ńbà.

Gbígbà ló ń gbà o, kì í ta ohunkóhun sí èèyàn lára. Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ní ọdún 2020 pé ó ń ba ọpọlọ jẹ́ kì í ṣe òótọ́. Bí ìyá kan bá gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra nítorí ìròyìn yìí, ẹ má ṣe jágbe mọ́ ọn. Ẹ sọ fún un pé, “Mà, ooru ara ọmọ yín ló ń wá bá ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò rán nǹkan kan sí i lára.” Èyí tí àwọn oníṣẹ́ iná àti mẹkáníìkì fi ń wọn ẹ́ńjìnnì, tó ń tan iná pupa tín-ín-rín sí ibi tí wọ́n nà án sí, yàtọ̀ pátápátá. Kì í ṣe fún èèyàn, iná pupa yẹn sì lè ṣe ojú ní jàǹbá.

Awọ iwájú orí kì í gbóná tó inú ara. Nígbà tí inú ara bá wà ní 37°C, awọ iwájú orí lè má ju 33 sí 35 lọ. Ẹ̀rọ ló ń fi ìṣirò tirẹ̀ kún un kó tó gbé nọ́ńbà jáde. Ìṣirò yẹn sì ti gbà pé yàrá kò gbóná jù bẹ́ẹ̀ ni kò tutù jù, pé awọ gbẹ, pé aláìsàn ti fara balẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà kò ní rí bó ṣe yẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ibi rírà

Ẹ wo ara páálí kí ẹ tó sanwó. Ó yẹ kó ní nọ́ńbà NAFDAC, kó sì sọ ní kedere pé ti èèyàn ni. Òfin ìdíwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣe tẹ̀mómítà ilé ìwòsàn ni ISO 80601-2-56. Ti Amẹ́ríkà ni ASTM E1965, èyí tí kò gbà kí ẹ̀rọ tí a ń lò fún awọ ara fi ju 0.3°C ṣìnà. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú méjèèjì lára páálí tàbí nínú ìwé rẹ̀, ó dára. Bí ìwé kò bá sí nínú páálí rárá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á, nítorí inú ìwé yẹn ni ẹ ti máa mọ bó ṣe yẹ kó jìnnà sí iwájú orí tó, kò sì sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n nípa wíwo ẹ̀rọ lásán.

Ìgbésẹ̀ kejì: BODY tàbí SURFACE

Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ yìí ni bọ́tìnì kan wà tó ń yí láti BODY sí SURFACE. BODY ni ti èèyàn. SURFACE ń ka ooru ojú nǹkan bó ṣe rí láìfi ìṣirò kankan kún un. Omi ìwẹ̀ ọmọ tàbí ife oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ bọ́tìnì yìí, gbogbo aláìsàn tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ni yóò máa jẹ́ 33, 34, 33.5. Àwọn ọlọ́dẹ tó ń dúró ní géètì sì ń kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ sínú ìwé láìbéèrè ohunkóhun, nítorí wọ́n ti sọ fún wọn pé nọ́ńbà tó ga nìkan ni kí wọ́n máa ṣọ́. Ẹni tí inú ara rẹ̀ bá jẹ́ 34 lóòótọ́ sábà máa ń gbọ̀n, kì í wọlé wá máa kí yín bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí nọ́ńbà wọn wà nísàlẹ̀ 35 tí ara wọn sì le koko, ẹ dá iṣẹ́ dúró, kí ẹ wo bọ́tìnì náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ àti aláìsàn fara balẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ wọ̀nyí ni a ṣe láti ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ wà láàárín 16 sí 40°C, tí ọ̀rinrin kò sì ju ìpín 85 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ ronú sí ilé wa. Wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi páànù bò láìní síìlì, ní ọ̀sán oṣù Kẹta, lè gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Géètì tí oòrùn ń pa ńkọ́? Ẹ̀rọ tí ẹ gbé sórí ìkòkò òdòdó nínú oòrùn yóò kọ́kọ́ gbóná fúnra rẹ̀ kó tó wọn ẹnikẹ́ni.

Ẹ gbé ẹ̀rọ wá sí yàrá tí ẹ ti fẹ́ lò ó ní ìṣẹ́jú 10 sí 30 ṣáájú, pàápàá bó bá jẹ́ inú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ ló sùn mọ́jú. Kí ó jẹ́ ibòji, kí fáànù má fẹ́ sí iwájú orí aláìsàn tààrà.

Aláìsàn náà ńkọ́? Ẹni tó gun ọ̀kadà wá nínú oòrùn, iwájú orí rẹ̀ lè gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tí òjò pa, iwájú orí tirẹ̀ tutù bí ibà tilẹ̀ wà lára rẹ̀, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ ń jẹ́ kó kọjá. Ẹ ní kí wọ́n jókòó ní ibòji fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí èrò bá pọ̀, ẹ gba káàdì wọn, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tó ń ṣe wọ́n ná, kí ẹ tó wọ̀n wọ́n. Ẹni tó ń gbọ̀n, tí kò lè dìde, ọmọ tí gìrì ń mú, tàbí ẹni tí mímí ń ni lára kì í dúró de ìṣẹ́jú 15 kankan. Ẹ gbé wọn wọlé lójú ẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: wíwọn gan-an

Gèlè, fìlà, ìbòrí, irun àfilé tó wá síwájú, gbogbo wọn ló ń mú ooru mọ́ orí. Bí ẹ bá sún wọn sókè tí ẹ sì wọn ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà yóò ga. Kí ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sún gèlè yín sẹ́yìn díẹ̀, ká jẹ́ kí atẹ́gùn kan ibẹ̀.” Obìnrin tó bo orí rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn lè fẹ́ kí obìnrin wọn òun tàbí kí a ṣe é níkọ̀kọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó tó bẹ̀bẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ẹ nu òógùn kúrò pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ, nítorí òógùn tó ń gbẹ lójú awọ ń mú un tutù. Ìpara tó nípọn àti àtíkè náà ń dí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Ibi tí egbò tàbí àpá ńlá bá wà, ẹ yẹra fún un.

Ẹ na ẹnu ẹ̀rọ sí àárín iwájú orí, lókè ibi tí ìpéǹpéjú méjèèjì ti fẹ́ pàdé, kó dojú kọ ọ́ tààrà, kó má ṣe dagun. Jíjìnnà rẹ̀, bí ìwé ẹ̀rọ bá ṣe wí ni. Ọ̀pọ̀ ń fẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, àwọn mìíràn gbà tó 15. Ìka ọwọ́ mẹ́ta tí ẹ tò pọ̀ súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Bí ẹ bá jìnnà jù, ẹ̀rọ yóò máa ka ooru ògiri tó wà lẹ́yìn aláìsàn mọ́ tirẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì, kí ẹ má mì títí yóò fi dún.

Ẹ má ṣe wọn ọrùn ọwọ́ àyàfi bí ìwé ẹ̀rọ bá sọ bẹ́ẹ̀. Iwájú orí ni wọ́n ṣe ìṣirò inú rẹ̀ fún. Ọwọ́ sì máa ń tutù jù ú lọ, pàápàá lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn dáadáa.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá fi ju 0.3 yàtọ̀ síra, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ wọn ẹ̀kẹta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ta ni kí a fi tẹ̀mómítà abíyá yẹ̀ wò

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí ìwé wọ́ọ̀dù yín bá ní òfin tirẹ̀, òun ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí kò bá sí, ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé: 37.5 sókè, ẹ fi ti abíyá yẹ̀ ẹ́ wò. 35.5 sísàlẹ̀, ẹ fi ti abíyá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ara òun ń gbóná láti àná, tàbí ìyá tó sọ pé ara ọmọ òun ń jó bí iná, ẹ fi ti abíyá yẹ̀ ẹ́ wò, ohun yòówù kí tẹ̀mómítà oníbọn (ìbọn ni mo máa ń pè é) sọ. Ọwọ́ ìyá tó gbé ọmọ mọ́ra mọ́jú kì í ṣe ohun tí a lè fojú di. Ìtọ́jú ọmọdé tí àjọ WHO là sílẹ̀ pàápàá ka ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mọ́ ẹni tó ní ibà.

Ọmọ tuntun tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ má fi ìbọn wọ̀n ọ́n rárá. Abíyá ni, pẹ̀lú tẹ̀mómítà oníbátìrì. Ara ọmọ tuntun yẹ kó wà láàárín 36.5 sí 37.5. Bó bá lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ewu ló jẹ́ bíi kó ga, ìbọn kì í sì í rí òtútù yìí dáadáa. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ bá tó 38, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí a ń fún ní parasẹ́támọ́ọ̀lù kó máa lọ sílé.

Ó ku ohun kan tó kan àwa aláwọ̀ dúdú. Awọ dúdú àti awọ funfun ń tú ooru infrared jáde bákan náà, nítorí náà àwọ̀ kọ́ ló yẹ kó ṣi ẹ̀rọ lọ́nà. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn yunifásítì Emory ní Atlanta, Amẹ́ríkà, ṣe jáde ní ọdún 2022 fi tẹ̀mómítà tí wọ́n ń fà kọjá níwájú orí wé ti ẹnu, lára aláìsàn tó wà lórí ibùsùn. Lára àwọn aláwọ̀ dúdú, ti iwájú orí kò rí ibà tó bí ti ẹnu ṣe rí i. Lára àwọn aláwọ̀ funfun, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fara kan awọ ni wọ́n lò, kì í ṣe ìbọn, ṣùgbọ́n iwájú orí kan náà ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì wa tí ẹ wà ní Houston ní Amẹ́ríkà tàbí ní Peckham ní London, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ̀rọ bá ní ara ìyá arúgbó kan tutù tí òun sì ń sọ pé ara òun gbóná.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìtọ́jú ẹ̀rọ

Ní àràárọ̀, ẹ mú òṣìṣẹ́ kan tí ara rẹ̀ le, kí ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ti abíyá àti pẹ̀lú ìbọn, kí ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kan ṣoṣo. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn bá ń fẹ̀ lójoojúmọ́, bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú sípíríìtì nu ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó lò ó. Dígí tó dọ̀tí máa ń mú nọ́ńbà lọ sílẹ̀. Ẹ má fi ìka kàn án.

Mímí: ojú yín ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́

Kí a tó dé orí rédà, ọ̀nà kan wà láti wọn aláìsàn láìfọwọ́kàn án tí gbogbo ilé ìwòsàn ti ní, a sì ń fi í jáfara. Ẹ ka mímí. Ẹ ní kí ìyá ká aṣọ ọmọ sókè, kí àyà àti ikùn hàn. Kí ọmọ má ṣe máa sunkún, kó má sì wà lẹ́nu ọmú. Ẹ tẹ aago fóònù yín, kí ẹ sì kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀, nítorí mímí ọmọdé kì í lọ déédéé. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, 60 sókè ti yá jù. Láti oṣù méjì sí mọ́kànlá, 50 sókè. Láti ọdún kan títí di ọdún márùn-ún, 40 sókè. Ọmọ tó ń wúkọ́ tí mímí rẹ̀ yá tó báyìí, ẹ fura sí òtútù àyà kódà bí tẹ̀mómítà bá sọ 36.8. Ti àgbàlagbà, 12 sí 20 ló dára. Ẹ má sọ fún un pé ẹ ń kà á, nítorí ẹni tó bá mọ̀ yóò yí bó ṣe ń mí padà.

Rédà, sẹ́ńsọ̀ abẹ́ fóòmù àti kámẹ́rà

Rédà kékeré tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ń rán ìgbì rédíò tí kò lágbára púpọ̀ sí àyà aláìsàn, ó sì ń ka bí ìgbì náà ṣe ń yí padà bó ṣe ń bọ̀. Àyà ń lọ sókè-sódò ní mìlímítà díẹ̀ bí a ti ń mí. Lílù ọkàn kò mì í tó mìlímítà kan. Èyí tó ń lo 60 GHz (ìgbì tó ń mì ní ìgbà bílíọ̀nù 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 5, ìdí nìyí tó fi lè rí ìmìtìtì tó kéré bẹ́ẹ̀. Ó ń gba inú aṣọ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kọjá, òkùnkùn kò sì dí i lọ́wọ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, ẹ kọjú rẹ̀ sí àyà, kì í ṣe sí ẹsẹ̀ tàbí sí orí. Ẹ wò ó bóyá fáànù tàbí kọ́tìnì tí atẹ́gùn ń fẹ́ wà láàárín, nítorí ohunkóhun tó bá ń mì ni rédà máa kà. Ìyá àti ọmọ tó sùn pọ̀ lórí ibùsùn kan, tàbí ẹbí aláìsàn tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lè jẹ́ kó pa mímí ẹni méjì pọ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan án, ẹ fi ojú ka mímí fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ fi wé tirẹ̀. Ẹ tún un ṣe nígbà tí aláìsàn bá fi ẹ̀gbẹ́ sùn. Mímí ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ jù. Ti lílù ọkàn, ẹ fi ìka yín yẹ̀ ẹ́ wò lọ́rùn ọwọ́. Ọ̀pọ̀ rédà kékeré tí owó rẹ̀ kò pọ̀ tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe láti máa tan iná yàrá nígbà tí èèyàn bá wọlé. Ẹ má gbé irú wọn sí ẹ̀gbẹ́ aláìsàn.

Èyí tó ń wà lábẹ́ fóòmù ń ka títì kékeré tí ọkàn ń ti ara nígbà tó bá ń lù. Ẹ tẹ́ ẹ sí ìhà àyà. Ariwo àti ìgbọ̀nrìrì jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn wíńdò ń dà á láàmú, bẹ́ẹ̀ sì ni fóòmù tó nípọn jù.

Ti kámẹ́rà, ẹ rọra. Ó ń wo bí àwọ̀ ojú ṣe ń yí díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sáré kọjá lábẹ́ awọ, dúdú inú awọ wa sì ń gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì. A ti rí irú rẹ̀ lára ẹ̀rọ tí a ń kì bọ ìka láti wọn ọ́síjìn: ìwádìí tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020 fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ náà kò rí lára àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹni tó bá fẹ́ ta kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ fún ilé ìwòsàn yín, ẹ ní kó fi èsì tó gbà lára aláwọ̀ dúdú hàn yín ná.

Kámẹ́rà tún ń rí ohun tí kò kàn án. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé irú rẹ̀ sí yàrá àwọn tó ní àárẹ̀ ọpọlọ, àwọn aláìsàn kan sì fẹ̀hónú hàn pé a kò gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn. Ní Nàìjíríà, òfin ààbò ìsọfúnni ọdún 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn mọ́ èyí tó gba ìṣọ́ra jù. Nítorí náà, yálà rédà ni tàbí kámẹ́rà, ẹ sọ fún aláìsàn ohun tó ń wọ̀n, ibi tí nọ́ńbà ń lọ, àti ẹni tó ń rí i. Bó bá kọ̀, ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ àti ojú wọ̀n ọ́n.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀

Nínú ṣáàtì, ẹ má kọ 37.8 lásán. Ẹ kọ “37.8, iwájú orí, ìbọn” tàbí “38.2, abíyá”, pẹ̀lú aago. Dókítà tó bá wọlé lóru yóò mọ èyí tó ń wò, kò sì ní fi ti iwájú orí àárọ̀ wé ti abíyá alẹ́ kó rò pé ara aláìsàn ń burú sí i. Bó bá jẹ́ rédà tàbí sẹ́ńsọ̀ abẹ́ fóòmù ló ń ṣọ́ aláìsàn, ẹ kọ orúkọ nọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ lọ síbẹ̀ nígbà tó bá dún sórí bọ́ọ̀dù nígbà tí ẹ bá ń gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ara yín, kí ẹ sì kọ wákàtí tí yóò máa lọ wò ó bí iná bá lọ.